Sòbìà, Egbò àti Olúgànbe: Ìtàn Àrùn Ẹsẹ̀ Kan Tí Ó Ti Kúrò Láàárín Wa

Bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe ni à á ké sí. A máa ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu olóyè tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlú rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, a sì máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí tí ó ránṣẹ́ sí ọmọ wọn tí ó rí jájẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: bí ọ̀ràn bá fẹ́ kọjá agbára ẹni, ẹni tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀ ni à ń tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn tí ń pa òwe náà ní ohun tí sòbìà jẹ́ gan-an, àwọn tí ó lè dáhùn kò pọ̀ mọ́. Mo ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń kọ́ nípa òwe ní ìbéèrè yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn kan ní orúkọ ọba ayé àtijọ́ kan ni. Àwọn mìíràn ní irú ejò kan ni. Inú mi dùn sí àìmọ̀ wọn ní ọ̀nà kan, nítorí pé òun ni ẹ̀rí pé àrùn náà ti lọ. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ó ń kọ mí lóminú, nítorí pé ìran tí kò mọ ohun tí ó fìyà jẹ baba rẹ̀ kò lè mọ bí baba rẹ̀ ṣe bọ́ nínú ìyà náà.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé òtítọ́ ni òwe náà sọ, ṣùgbọ́n ìlàjì òtítọ́ ni. Ó sọ fún wa pé àwọn baba wa mọ ibi tí ewu àrùn yìí wà, wọ́n sì mọ ẹni tí í wò ó. Kò sọ bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Ìlàjì kejì yẹn, inú omi tí à ń mu ni ó fara pamọ́ sí, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ayé tó rí i.

Kí ni sòbìà? Aràn ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó funfun, abo rẹ̀ sì lè gùn tó mítà kan. Abẹ́ awọ ara ènìyàn ni ó ń gbé. Bí àsìkò àti bímọ rẹ̀ bá tó, yóò rìn wá sí ìsàlẹ̀ ara, nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó ti ń yọjú lára ọ̀pọ̀ ènìyàn: ní kókósẹ̀, ní ojúgun, ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀, nígbà mìíràn ní àtẹ́lẹsẹ̀ pàápàá. Ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa yún ni, yóò wú, yóò sì ru ìléròrò. Ìléròrò náà a máa ta ènìyàn bí ẹni pé wọ́n fi ẹyín iná lé e. Nígbà tí ó bá bẹ́, orí aràn náà yóò yọ síta. Ohun tí ó sì burú jù nínú ọgbọ́n àrùn yìí ni pé iná tí ń jó aláìsàn ni yóò lé e lọ sí odò. Yóò ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi, aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ dà sínú rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn kòkòrò omi kéékèèké tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí yóò gbé àwọn ọmọ aràn náà mì. Ẹni tí ó bá wá bu omi adágún náà mu ti mu sòbìà ti ọdún tí ń bọ̀.

Àrùn yìí ti wà láyé tipẹ́. Ìwé ìṣègùn kan tí àwọn ará Íjíbítì kọ ní nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Jésù, èyí tí à ń pè ní Ebers, sọ nípa ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé sòbìà ni. Ní 1975, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ìlú Manchester tú òkú ọ̀dọ́mọbìnrin ará Íjíbítì àtijọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ dì, wọ́n bá àpá sòbìà tí ó ti di òkúta nínú ara rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé sòbìà ni ejò oníná tí ó bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jà nínú aṣálẹ̀. Orúkọ ìlú Mẹ̀dínà ni ó wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, nígbà tí àwọn òyìnbó oníṣòwò tí ó rí i ní etíkun wa sọ ọ́ ní aràn Guinea, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ó ti ṣẹ̀. Ọkọ̀ ẹrú gbé e kọjá òkun pẹ̀lú àwọn ènìyàn wa. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, àwọn dókítà ọ̀rúndún kọkàndínlógún rí i, wọ́n sì kọ nípa rẹ̀. Kò rí ìdí jókòó sí níbẹ̀, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó rí ìdí jókòó sí.

Kí ni àwọn baba wa ṣe sí i? Ẹ jẹ́ kí á padà sí òwe wa, kí á sì wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀. Òwe náà kò sọ pé bí sòbìà bá yọ. Ó ní bí yóò bá degbò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti ya ohun méjì sọ́tọ̀: aràn fúnra rẹ̀, àti egbò tí ó ń dá sílẹ̀. Sòbìà tí ó yọ, tí a sì fi sùúrù fà jáde tán, kì í fi bẹ́ẹ̀ pani lára. Sòbìà tí ó degbò ni ó ń sọni di arọ. Ìdọ̀tí yóò wọ ojú ihò tí aràn gbà jáde, egbò náà yóò kẹ̀, yóò máa ṣọyún, ẹsẹ̀ yóò wú, oríkèé yóò sì le gan-in. Tẹ́tánọ́ọ̀sì tí í mú àgbọ̀n ènìyàn dè pinpin lè gba ojú egbò bẹ́ẹ̀ wọlé, a sì máa pani. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ń sọ gan-an nìyí. Àwọn tí ó pa òwe náà kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo kòkòrò àìfojúrí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ojú wọn rí i pé egbò ni ó yẹ kí á bẹ̀rù.

Ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe ní ìlànà. Wọn a dúró kí orí aràn yọ. Wọn a wá rọra we é mọ́ igi tín-ín-rín kan, wọn a máa yí igi náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ìwọ̀n ìka kan tàbí méjì. Bí ó bá ti fẹ́ le, wọn a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Wọn a fi epo pupa pa ojú ibẹ̀, wọn a sì fi ewé dì í. Olúgànbe tí òwe wa dárúkọ jẹ́ ọ̀kan nínú egbògi tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, tí ó fa aràn náà tagbáratagbára, yóò já a. Èyí tí ó já yóò sún padà sínú ara, yóò kú síbẹ̀, ibẹ̀ yóò sì wú, yóò di èéwo ńlá. Mo rántí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí mo bá ní ìloro ilé wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, igi tín-ín-rín kan so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, àwa ọmọdé kò sì gbọdọ̀ sáré kọjá nítòsí rẹ̀ kí a má baà fi ẹsẹ̀ kọ igi náà. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi kórè ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo àwọn ẹlòmíràn tán.

Ìbéèrè tí ó wá kàn wá ni èyí: àwọn ènìyàn tí ó mọ egbò tó báyìí, èé ṣe tí wọn kò mọ̀ pé omi ni ó fà á? Àwọn kan tí ń kọ̀wé nípa àṣà wa a máa fẹ́ kí á gbà pé kò sí ohun tí àwọn baba wa kò mọ̀. Àwọn mìíràn a sì máa kà á sí òpè. Èrò méjèèjì kò tọ́. Ẹ wo bí àrùn náà ṣe ń ṣe. Láti ọjọ́ tí ènìyàn bá ti mu omi náà di ọjọ́ tí sòbìà yóò yọ, ó tó ọdún kan gbáko. Ta ni yóò so egbò ẹ̀ẹ̀rùn èyí mọ́ omi tí ó mu ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí? Gbogbo ilé ni ó sì ń mu omi kan náà. Ẹlòmíràn ní sòbìà, ẹlòmíràn kò ní. Ní Ìdèrè ní agbègbè Ìbàràpá, àwọn olùwádìí gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé sòbìà wà nínú ara olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iṣan ṣe wà, pé ìgbà tí ó bá wù ú ni ó ń yọ. Àlàyé yìí bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tí ó bá rí ohun funfun gígùn tí ń ti inú ẹran ẹsẹ̀ jáde. Lékè gbogbo rẹ̀, èdè wa fúnra rẹ̀ gbèjà omi. Omi kò lọ́tàá, ni a máa ń wí. Omi ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun, òun ni a fi ń tu orí, òun ni a fi ń wúre. Ẹni tí ó bá dìde láàárín ìlú tí ó ní omi ń pani lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní tètè wọlé.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò tètè mọ̀ ọ́n. Ọdún 1870 ni Alexei Fedchenko, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, rí i ní agbègbè Samarkand pé ọmọ sòbìà ń wọ inú kòkòrò omi kéékèèké. Ní 1905 ni Robert Leiper wá sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, láti ṣe ìwádìí àrùn yìí. Nígbà tí ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó fún ọ̀bọ ní kòkòrò omi tí ó ti gbé ọmọ sòbìà mì, ó sì bá aràn náà nínú ara ọ̀bọ ọ̀hún lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bí ìmọ̀ náà ṣe délẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, ó lé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà kí a tó fi jà fún àwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù kò wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni sàn.

Àdánù tí ó wà láàárín àkókò yẹn kò kéré. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni sòbìà ń jà jù ní ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ìgbà náà ni omi adágún ń fà, tí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ sì ń pọ̀ nínú ìwọ̀nba omi tí ó kù. Ìgbà ìkórè nìyẹn, ìgbà tí à ń múra oko ọdún tí ń bọ̀ sì tún ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládélé Kálẹ̀ ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde ní 1977 lórí àwọn ará agbègbè Ìbàdàn tí sòbìà ń yọ lẹ́nu. Ó fi hàn pé nǹkan bí 100 ọjọ́ ni àrùn náà fi ń dá aláìsàn dúró. Ẹ fi 100 ọjọ́ yọ nínú ọdún àgbẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ó kù. Ìyá tí kò lè rìn kò lè pọn omi, kò lè gbé ọjà lọ sí ọjà, kò lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ ilé-ìwé tí ń tiro yóò jókòó sílé. Ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ìwádìí kan tí UNICEF ṣe ní 1987 ṣírò àdánù àwọn tí ń gbin ìrẹsì ní agbègbè kan sí nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dọọdún. Ẹni tí kò mọ̀ a sì máa pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ.

Ìbàràpá ni apá kan ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibùdó ìlera ní Igbó-Ọrà, tí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ dókítà ń lọ gbé láàárín ará oko. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1980, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera láti yunifásítì kan náà, William Brieger wà lára wọn, ń bá àwọn ará Ìdèrè ṣe lórí ọ̀rọ̀ sòbìà. Ohun tí ó wù mí nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n kọ́kọ́ jókòó, wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́, kí wọ́n tó máa kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ohun tí wọ́n wá gbé kalẹ̀ kò ju asẹ́ lọ: aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ihò rẹ̀ kéré dé ibi tí kòkòrò omi kò lè gbà kọjá. Àwọn télọ̀ ìlú ni ó ń rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ni ó ń tà á. Aṣọ yìí ni a ó ta bo ẹnu ìkòkò kí á tó da omi sí i. Kò sí obìnrin Yorùbá kan tí asẹ́ ṣàjèjì sí. Òun ni a fi ń sẹ́ ògì láti ayébáyé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò ronú rí pé omi nílò ohun tí ògì nílò.

Ní ìpínlẹ̀ Kwara, Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà kejì hàn. Ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Asà, níbi tí UNICEF ti ṣèrànwọ́ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n tọpa àrùn náà láti ọdún dé ọdún, wọ́n sì rí i bí ó ṣe ń pòórá ní àwọn abúlé tí omi tuntun dé. Ọ̀nà kẹta ni oògùn Abate tí a ń fi sí adágún láti pa kòkòrò inú rẹ̀. Ọ̀nà kẹrin kò náni ní kọ́bọ̀: kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ má ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi mímu ìlú. A ó bu omi fún un sínú igbá nílé, yóò fi tu ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, a ó sì da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní 1988, ìjọba Nàìjíríà dá ètò kan sílẹ̀ láti lé sòbìà jáde. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tí ó ní i jákèjádò orílẹ̀-èdè, ó ju 650,000 lọ. Ibùdó tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, dá sílẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà rìn láti abúlé dé abúlé láti bá àwọn olórí ìlú sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí jù lọ kò lórúkọ nínú ìwé: àwọn ará abúlé tí a yàn láti máa wo ẹsẹ̀ aládùúgbò, tí wọ́n ń di egbò, tí wọ́n ń pín asẹ́, tí wọ́n sì ń kọ iye sílẹ̀ lóṣooṣù. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìà yọ lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní oṣù Kejìlá 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́. Ní 1986, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni ó ń ní i lọ́dún kan láyé. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni, ní ilẹ̀ Chad àti South Sudan. Ó ṣì wà lára àwọn ajá ní Chad, nítorí náà a kò tíì lè sọ pé ó tán pátápátá.

Ó yẹ kí á kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Títí di òní, kò sí oògùn tí ń pa sòbìà, kò sì sí àjẹsára rẹ̀. Ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì ń ṣe fún un kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti onísègùn àtijọ́: yóò fi omi tí ó mọ́ fọ ojú egbò, yóò we aràn náà díẹ̀díẹ̀ mọ́ igi tàbí aṣọ, yóò fi báńdéèjì tí ó mọ́ dì í. Bí egbò bá ti ń kẹ̀, yóò fi oògùn apakòkòrò kún un. Igi tín-ín-rín ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣì wà nídìí iṣẹ́. Ní ti ìwòsàn, òyìnbó kò ní ohun tí ó fi bẹ́ẹ̀ ju tiwa lọ. Ní ti ìdènà, a gba ìmọ̀ kan tí a kò ní tẹ́lẹ̀, a sì fi asẹ́ tiwa ṣe é. Ìtàn tí ó bá fi ọ̀kan nínú méjèèjì sílẹ̀ ti parọ́.

Ẹsẹ̀ wa kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ egbò. Ní ayé ìsinsìnyí, àrùn àtọ̀gbẹ ni ó ń ṣe ohun tí sòbìà ń ṣe. Kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora mọ́. Òkúta inú bàtà lè gé àtẹ́lẹsẹ̀ láàárọ̀ kí ẹni náà má mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Egbò á kẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ a sì dé ilé ìwòsàn nígbà tí kò sí ohun tí ó kù ju kí á gé ẹsẹ̀ náà lọ. Ohun tí àwọn dókítà ń sọ fún irú wọn rọrùn bí asẹ́: kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n nu àárín ọmọ ìka gbẹ, kí wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí kí wọ́n ní kí ẹlòmíràn bá wọn wò ó, kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, kí wọ́n má sì fi abẹ gé kókó ẹsẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ kò ka èyí sí ìtọ́jú, nítorí pé kò sí egbò níbẹ̀. Àṣà olúgànbe ni ó ṣì wà lọ́kàn wa: a ń retí kí ó kọ́kọ́ degbò kí á tó ké sí ẹnikẹ́ni.

Èmi kò sọ pé kí á pa òwe náà tì. Mo ń fẹ́ kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní òwe yìí sọ ohun tí sòbìà jẹ́ fún un, kí ó sọ nípa adágún àti ìkòkò, kí ó sì mú asẹ́ kan dání wá sí kíláàsì. Ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ ni ó ti bàjẹ́ ní àwọn abúlé wa, tí àwọn ènìyàn sì ti padà sí ẹ̀bá odò pẹ̀lú korobá. Àwọn tí ó mọ ìdí tí a fi gbẹ́ kànga wọ̀nyẹn ń dàgbà, wọ́n sì ń kú lọ. Bí àwọn ọmọ wọn kò bá mọ̀ ju pé orúkọ ọba kan ni sòbìà, ta ni yóò wá tún ẹ̀rọ náà ṣe?